Oyin tó ń yé ẹyin sínú ihò oyin mìíràn: kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Ògiri alámọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa kún fún ihò àwọn oyin tó ń dá gbé, oníkálukú pẹ̀lú ihò tirẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, torí wọ́n máa ń di òdòdó ìgbá àti tòmátì mi mú, wọ́n á fi ara gbọ̀n ọ́n títí àtíkè inú rẹ̀ á fi dà jáde. Ọ̀pọ̀ kòkòrò ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Oyin dúdú kan tó ní àmì búlúù tótòtó ti wá ń rábàbà níwájú ihò wọn báyìí. Thyreus ni wọ́n ń pè é. Kì í gbẹ́ ihò, kì í kó àtíkè jọ fọ́mọ. Tí onílé bá jáde, á yọ́ wọlé lọ yé ẹyin. Ìdin rẹ̀ á pa ọmọ onílé, á sì jẹ oúnjẹ tí ìyá yẹn ti ṣe làálàá kó sílẹ̀. Ó dùn mí wọra!

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fín oògùn sí i. Mi ò gbà, oògùn á pa onílé pẹ̀lú olè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kòkòrò, ṣé kí n máa fi àwọ̀n mú un ni, àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀? Tí mo bá mọ ògiri amọ̀ mìíràn sínú ọgbà, ṣé àwọn onílé á kó lọ síbẹ̀?