Ṣéènsọ̀ wo ni kí n rà: kékeré ti onílé ni, àbí ńlá ti àwọn agégi?

Olóko_Mọ́níyà
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn kí n tó náwó. Ilẹ̀ kan wà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn Mọ́níyà, lápá ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, kò ju éékà márùn-ún lọ. Bàbá mi ló fi í sílẹ̀, igbó sì ti gbà á pátápátá. Mángòrò tó ti gbó wà níbẹ̀, kaṣú wà, wọ́n gbin tíìkì sí ààlà, ìjì tó jà láìpẹ́ yìí sì wó igi ayùnré kan lé ọgbà wáyà. Ìrókò kan tún wà lápá ẹ̀yìn tí ènìyàn méjì kò lè dì mọ́ra tán. Ìyàwó mi ń yan gàrí, nítorí náà kò sí igi tí a máa dànù nínú gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọjà, wọ́n gbé mẹ́ta síwájú mi: Stihl MS 180, Stihl MS 381, àti ti Ṣáínà kan tí wọ́n kọ 58cc, ìyẹn ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì, sí lára. Ẹni tó ń tà á ní MS 381 ni kí n mú, pé ti agégi gidi nìyẹn, pé MS 180 kò yàtọ̀ sí ohun ìṣeré ọmọdé. Nígbà tó dárúkọ owó, mo wá ibi jókòó sí. Ṣé òótọ́ ló ń sọ, àbí ọjà rẹ̀ ló kàn ń tà? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lo ṣéènsọ̀ rí láyé mi. Àdá ni mo mọ̀ ọ́n lò.

Ìyá_Onípákó
Ọjà rẹ̀ ló ń tà, ọmọ mi.

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí pákó ní Bódìjà. Àwọn ọmọ tó ń bá wa la gẹdú nínú igbó, Stihl 070 àti 381, àwọn ayùn ńlá, ni wọ́n ń gbé, torí ibi tí igi bá wó sí náà ni wọ́n ti ń là á sí pákó, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ayùn ni wọ́n fi ń jẹun. Ìwọ tó jẹ́ pé igi ìdáná lo fẹ́ gé, kí lo fẹ́ fi ayùn tó ń mu epo báyẹn ṣe? Fi ìyókù owó ra garawa àti asẹ́ gàrí fún ìyàwó rẹ.

Mẹkáníìkì_Gate
Ẹ kú iṣẹ́ o. Títún ṣéènsọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣe ni iṣẹ́ mi, nítorí náà inú wọn ni màá sọ. Ìta wọn kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń rà. Ọsàn àti funfun ni gbogbo wọn.

Agbára nìkan kọ́ ló yà wọ́n. Nínú ayùn onílé bíi MS 180, inú ilé oníke ni ẹ́ńjìnnì jókòó sí, ike yẹn ló sì di gbogbo rẹ̀ mú. Tí nǹkan bá ṣe písítìn, àfi kí n tú ayùn náà palẹ̀ pátápátá kí n tó rí i. Ti agégi bíi MS 381 kò rí bẹ́ẹ̀. Irin magnesium ni wọ́n fi ṣe ilé ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó pín sí apá méjì tí wọ́n fi bóòtù dè pọ̀, sìlíńdà rẹ̀ sì ń yọ lọ́tọ̀. Mo lè tú sìlíńdà, kí n pààrọ̀ písítìn, kí n dá a padà, kí oníǹkan sì gbé e lọ sígbó lọ́jọ́ kejì. Ẹ lè tún un ṣe ní àìmọye ìgbà. Ní ti onílé, bí ẹ́ńjìnnì bá ti jóná, owó iṣẹ́ àti owó ọjà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tuntun.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ òróró tó ń bọ́ sára ẹ̀wọ̀n, ìyẹn irin eléyín tó ń gé igi, tó ń yí po lára irin gígùn tí a ń pè ní báà. Lára ti agégi, ojú ibi tí a ti ń dín in kù tàbí fi kún un wà, torí báà gígùn nílò òróró ju báà kúkúrú lọ. Ti MS 180, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Asẹ́ atẹ́gùn ti agégi tún tóbi, ó sì lè fara da eruku ọyẹ́ ju ti onílé lọ.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mi ò fi ní sọ pé kí ẹ ra MS 381. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 72.2cc, agbára rẹ̀ jẹ́ 3.9 kW. Ó ju kílò 6 lọ kí wọ́n tó fi báà àti ẹ̀wọ̀n sí i, kí wọ́n tó rọ epo sí i. MS 180 jẹ́ 31.8cc, kílò 4 péré. Ẹni tí kò gbé ayùn rí, tó wá gbé 381, ọwọ́ rẹ̀ á ti máa gbọ̀n kí ọ̀sán tó pọ́n, ọwọ́ tó sì ti rẹ̀ ni ayùn fi ń ráyè ṣe ènìyàn léṣe.

Tó bá jẹ́ èmi ni, èyí tó wà láàárín ni màá rà: MS 250. 45.4cc ni, 2.3 kW, kílò 4.6. Ti onílé náà ni, mi ò ní purọ́ fún yín, inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú báà íǹṣì 16, ó máa gé mángòrò àti ayùnré yẹn láìráhùn. Ẹ tún lè wo Husqvarna 450, tó jẹ́ 50.2cc. Ẹ má fi MS 180 gé ìtí mángòrò gbígbó. Á gé e o, ṣùgbọ́n ìyà lẹ máa fi jẹ ara yín àti ẹ́ńjìnnì.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tókunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, kó wo lébẹ́ẹ̀lì tó wà lára rẹ̀ dáadáa. Òfin èéfín ọ̀hún ní kí wọ́n kọ iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ fi máa pa òfin náà mọ́: 50, 125 tàbí 300. Èéfín ni wọ́n torí ẹ̀ kọ ọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá kọ 50 sí lára, ẹ ti mọ irú ẹni tí wọ́n ṣe é fún.

Ọmọ_Àpáta
Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, ẹ ò dárúkọ ti Ṣáínà rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló pọ̀ jù nínú oko! Mò ń lo 58cc kan lóko kòkó wa lápá Ìdó, ó sì ń ṣiṣẹ́. Bí kabúrétọ̀ bá bàjẹ́, owó kékeré ni, kò sí ọjà tí ẹ ò ti ní rí i. Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ kí bọ̀dá yìí náwó nítorí orúkọ?

Mẹkáníìkì_Gate
Àbúrò, mi ò bú ti Ṣáínà. Òun ló ń gbé oúnjẹ wọlé fún mi jù, rò ó wò. Ẹ̀yà ara rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ó sì dínwó. Àmọ́ 58 tí wọ́n kọ sí lára yẹn, àwọn tí mo ti wọn ihò sìlíńdà wọn, 54 àti díẹ̀ ló ń jáde. Bí méjì bá sì ti inú páálí kan náà jáde, ọ̀kan lè bá ọ ṣe ọdún púpọ̀, kí èkejì má rí òpin òjò. Ẹni tó bá mọ ẹ́ńjìnnì lè rà á. Ẹni tí kò tíì mọ bí ṣéènsọ̀ tó dáa ṣe ń dún, báwo ló ṣe máa mọ ìgbà tí tiẹ̀ ń ṣàìsàn?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ayédèrú. Àwọn kan ń fi orúkọ Stihl sára ayùn tí kì í ṣe ti Stihl, pàápàá 070 àti 381, torí àwọn ni àwọn onígẹdú ń wá. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ilé ẹ́ńjìnnì, ẹ wo bí lẹ́tà orúkọ ṣe rí, kí ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bóyá ilé-iṣẹ́ náà fún un láṣẹ. Tí owó tó ń pè bá fi ìlọ́po méjì dín sí ti ẹlòmíràn, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Àdùkẹ́_Àkóbọ̀
Ṣé kò sí ẹni tó máa dárúkọ ti bátìrì ni? Mo fi ọ̀kan ń gé ẹ̀ka igi nínú ọgbà ilé wa, kò pariwo, kò rùn, àwọn aládùúgbò ò sì bá mi jà. Ẹ ṣáà ní iná tí ẹ máa fi gba ṣáàjì.

Ọmọ_Àpáta
Àǹtí Àdùkẹ́, "ẹ ṣáà ní iná"! Ní Mọ́níyà kẹ̀!

Fọ́rẹ́sítà_Jẹ́ríkò
Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì kún un. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fọ́rẹ́sìtìrì ní Jericho níbí ni mo ti kọ́ṣẹ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé kí a wo igi kí a tó wo ayùn.

Mángòrò àti ayùnré kò ní dà ọ́ láàmú. Tíìkì ní yanrìn kíkúnná nínú ara rẹ̀, ó máa ń jẹ eyín ẹ̀wọ̀n, nítorí náà má retí pé ẹ̀wọ̀n kan á mú títí di alẹ́. Ìrókò le ju bẹ́ẹ̀ lọ: òkúta máa ń dì sínú ìtí rẹ̀, òkúta gidi, o kò sì ní rí i láti ìta. Tí ẹ̀wọ̀n bá kàn án báyìí, eyín rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Igi tó bá wà lẹ́bàá ọgbà wáyà ńkọ́? Yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó lè ti gbé ìṣó tàbí wáyà àtijọ́ mì sínú.

Ìrókò tí ènìyàn méjì kò lè dì mọ́ra, má fi ọwọ́ ara rẹ kàn án, ayùn yòówù kí o rà. Báà íǹṣì 16 kò tó nǹkan kan lára rẹ̀, igi tó bá sì fẹ̀ ju báà lọ, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé e láti ìhà méjì nìkan ló yẹ kó dán an wò. Lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ fọ́rẹ́sìtìrì ìpínlẹ̀ kọ́kọ́, kí o béèrè ìwé àṣẹ, torí bí wọ́n bá rí gẹdú ìrókò lójú ọ̀nà láìsí òǹtẹ̀, ọ̀rọ̀ á di wàhálà. Lẹ́yìn náà, háyà agégi tó ní 381 tirẹ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀ fún igi kan kò lè tó owó ayùn tí ọjà ń fi lọ̀ ọ́. Tó bá sì jẹ́ pé igi náà kò dí ọ lọ́wọ́, fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ìrókò tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ti ń di ọ̀wọ́n.

Èyí tó ń já mi láyà jù ni ayùnré orí wáyà yẹn. Igi tó ṣubú lé nǹkan máa ń tẹ̀ bí ọrun: ìhà kan nà, ìhà kejì fún pọ̀. Tí o bá gé ìhà tó nà lẹ́ẹ̀kan náà, ìtí lè ya, ó sì lè ta sókè lójijì gbá ọ lójú. Kọ́kọ́ fi ayùn gé ìhà tó fún pọ̀ wọlé díẹ̀, kí o tó wá parí rẹ̀ láti ìhà tó nà, kí ìwọ fúnra rẹ sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí kò lè fò sí. Má fi orí báà, ní apá òkè rẹ̀, kan igi. Ibẹ̀ gan-an ni ayùn ti ń ta padà sí ènìyàn. Ọwọ́ méjèèjì ni o máa fi dì í mú, kí àtàǹpàkò òsì yí irin ìdìmú ká. Má gé igi kọjá èjìká rẹ, má gun àkàbà pẹ̀lú rẹ̀.

Bàtà tó le, ìbòjú, ìbòtí. Ṣòkòtò tí wọ́n fi òwú pàtàkì sí nínú, tó máa ń dí ẹ̀wọ̀n lọ́nà tó bá kàn án, òun gan-an ló yẹ kí o fi owó tó kù lára 381 rà. Mo ti rí àwọn tó fi sílípáàsì gé igi. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ jù.

Olóko_Mọ́níyà
Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá. Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Mo ti fi ìrókò sílẹ̀ pátápátá, á máa fún wa ní ìbòòji. MS 250 ni mo ń lọ rà. Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, epo wo ni mo máa rọ sí i? Ẹnì kan ní adúgbò ní epo kọ́ńdẹ́ẹ̀mù láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mọ́tò dáa fún ẹ̀wọ̀n, pé ọ̀fẹ́ ni.

Mẹkáníìkì_Gate
Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ máa sanwó rẹ̀ níwájú mi. Epo kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ti gbé ẹ̀rún irin àti èérí inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò mì, ó máa ń dí pọ́ǹpù òróró, ó sì tún ń fọ́n sí yín lára. Ẹ ra òróró ẹ̀wọ̀n gidi. Tí kò bá sí lọ́jọ́ náà, epo ẹ́ńjìnnì tuntun sàn jù ú lọ. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rọ bẹntiróòlù, ẹ rọ òróró ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú.

Ti ẹ́ńjìnnì: pò ó ni wọ́n ń pò ó, bíi ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour". Bẹntiróòlù lítà 5, òróró two-stroke tó dáa mílílítà 100. Òróró ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn ń tù ni kí ẹ rà, ẹ má ra ti ọkọ̀ ojú omi. Ẹ fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ìdérí ìgò. Èyí tí ẹ bá ti pò, ẹ má jẹ́ kó pé oṣù kan. Ẹni tó bá gbàgbé òróró, tó rọ bẹntiróòlù lásán, písítìn á há mọ́ sìlíńdà, á sì di oníbàárà mi.

Ìyá_Onípákó
Kó má di oníbàárà rẹ o, jàre.

Olóko_Mọ́níyà
Àmín, Mọ́mì. Ó ku ẹyọ kan: fáìlì tí a fi ń pọ́n ọn. Ẹni tó ń tà á ní ẹyọ kan ló wà, pé gbogbo ayùn ló bá mu.

Mẹkáníìkì_Gate
Irọ́ ni. Ẹ̀wọ̀n MS 180 máa ń gba fáìlì roboto mm 4.0. Ti 381 jẹ́ mm 5.2. MS 250 tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bá jẹ́ .325 (ìwọ̀n eyín ẹ̀wọ̀n ní íǹṣì), tó sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mm 4.8 ni. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára báà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ ra fáìlì méjì pọ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n àfipamọ́ kan, torí tíìkì yẹn á jẹ ti àkọ́kọ́.