Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ọmọ tí kò rí yìnyín òkèèrè rí ní ọ̀rọ̀ eré ìgbà òtútù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Iléṣà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. A ti dé orí eré ìgbà òtútù: skiing (fífi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn sẹ́sẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín), skating (fífi bàtà onírin yọ̀ lórí omi dídì), sledding (jíjókòó sórí ohun tó ń yọ̀ lórí yìnyín).

Ọyẹ́ ni òtútù táwọn ọmọ mi mọ̀. Ètè a máa là, ẹsẹ̀ a funfun, ṣùgbọ́n omi kì í dì. Bí mo ṣe dárúkọ snow, wọ́n ní yìnyín tó ń já lu páànù ni. Wọn ò jẹ̀bi, orúkọ kan náà la ń pè é. Àmọ́ tiwa le bí òkúta, tọ̀hún fúyẹ́ bí òwú. Mo ra omi dídì, mo fi ọ̀bẹ ha á kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Inú wọn dùn gan-an.

Ìṣe ló wá ṣòro. Báwo ni n ó ṣe ya skiing àti skating sọ́tọ̀, nígbà tó jẹ́ pé yíyọ̀ ni méjèèjì lédè wa? Yíyọ̀ tí ọmọ mọ̀ ni ti inú ẹrẹ̀, ìyẹn ìṣubú. Ọmọ kan tiẹ̀ bi mí bóyá ìyà ni wọ́n fi ń jẹ àwọn tó ń ṣeré náà.

Mo fẹ́ fi àwòrán Seun Adigun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi bobsled, ìyẹn ọkọ̀ tó ń yọ̀ lórí omi dídì, ṣojú Nàìjíríà ní Olympics ìgbà òtútù ọdún 2018 ní Gúúsù Kòríà bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ irú èyí rí, kí lẹ ṣe? Iná ò dájú, n ò lè gbọ́kàn lé fídíò. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó tẹ̀ síwájú, ẹ jọ̀ọ́.