Eyín àjànàkú nínú odò Peace River

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń wá eegun tó ti di òkúta nínú odò Peace River, ní Florida níbí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn là ń lọ, nígbà tí odò bá ti fà tí omi ò ju orúnkún lọ. Ṣọ́bìrì kan, asẹ́ onírin kan, ó tó. Ẹ ó wa yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ odò sínú asẹ́, ẹ ó mì ín nínú omi, ẹ ó wá máa ṣà á. Ọ̀nì wà níbẹ̀ o. Ẹ wo ọ̀tún wòsì kẹ́ ẹ tó wọ odò.

Eyín ẹja shark ò ṣòro mọ̀: ó dúdú, ó ń dán. Èyí tó bá tó àtẹ́lẹwọ́, tí etí rẹ̀ rí bíi ti ayùn, ti megalodon ni, ẹja ńlá tó ti run láti ohun tó lé ní mílíọ̀nù 3 ọdún.

Egungun ló ń da àwa tí à ń wá a láàmú. Èyí tó pọ̀ jù rí bí igi ìdáná tí wọ́n gé kúrú, ó sì wúwo gan-an. Mo ti rí ju ẹni mẹ́ta lọ tó gbé e sókè tó ní eyín erin ni. Egungun ìhà dugong ni, ẹranko inú òkun tó jẹ́ ìbátan manatee. Ẹ wo ojú ibi tó ti kán: ó dì látòkèdélẹ̀, kò sí ihò mùdùnmúdùn kankan nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì bóyá egungun màlúù àná lásán ni, ẹ ṣáná sí i létí. Egungun tuntun á rùn bí irun tó ń jó. Èyí tó ti di òkúta kì í rùn.

Ìyá bàbá mi ní ẹdùn àrá kan tí wọ́n rí létí odò lẹ́yìn òjò. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní àáké òkúta àwọn ará ijọ́hun ni irú rẹ̀. Màmá kì í dárúkọ ohunkóhun tá a bá he wá fún wọn títí wọ́n á fi fọ̀ ọ́, tí wọ́n á sì fi àtàǹpàkò ra á yí ká.

Mo gbàgbé ìyẹn lóṣù kejì ọdún tó kọjá, nítòsí Wauchula. Nǹkan dúdú kan tó tóbi bíi búrẹ́dì ṣubú sínú asẹ́ mi, ẹrẹ̀ bò ó. Mo ní òkúta ni, mo jù ú sẹ́bàá odò. Ẹ̀gbọ́n tá a jọ lọ ló gbé e, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹrẹ̀ ṣe ń lọ ni ìlà ń yọ, ìlà kan, poro kan, ìlà kan, poro kan, bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Eyín mammoth ni! Ti mastodon ìbá ga ṣóńṣó ṣóńṣó bí ebè iṣu. Ìbátan erin ni àwọn méjèèjì, ó sì ti lé ní 10,000 ọdún tí wọ́n ti pòórá nílẹ̀ yìí. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, èmi sì di eyín rẹ̀ mú, mo pè é lókùúta. Ó dùn mí wọra.

Ẹ gba ìwé àṣẹ o. Eyín shark ò nílò rẹ̀, àmọ́ egungun ẹranko nílò rẹ̀. Dọ́là 5 lọ́dún ni mo san fún Florida Museum of Natural History ní Gainesville. Mo ya àwòrán eyín náà lójú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti níbi tó fi ń jẹun, mo fi rúlà sí i.

Ẹ má sá a sóòrùn, ó lè là. Abẹ́ tábìlì ni tèmi wà, mo fi tówẹ̀lì tútù wé e, mo ń jẹ́ kó gbẹ díẹ̀díẹ̀.