“Òǹkàwé” kò gba gbogbo wọn: èsì lórí bí a ṣe máa pe ìwé kíkà àwọn ará Brítéènì àtijọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka àwọn àbá tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí bí a ṣe máa túmọ̀ àkọlé iṣẹ́ ìwádìí kan. Bí àwọn èèyàn ṣe ń kàwé lójoojúmọ́ nínú ìtàn Brítéènì ni iṣẹ́ náà dá lé, àtàwọn tí gbogbo ayé mọ̀ nídìí ìwé kíkọ, àtàwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pè é ní “àṣà ìwé kíkà láàárín òǹkàwé mẹ̀kúnnù àti òǹkàwé alákọ̀wé”. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò lè fọwọ́ sí i. Àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn gan-an ni kò bá mu.

Ẹ jẹ́ ká tètè gba orí “mẹ̀kúnnù” kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn onítàn máa ń tọ́ka sí jù ni Thomas Turner, oníṣọ́ọ̀bù ní abúlé East Hoathly ní Sussex, tó kọ àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ láti 1754 dé 1765. Turner yìí jẹ́ alábòójútó àwọn tálákà ní àdúgbò rẹ̀ nígbà kan. Ẹni tó ń pín owó fún mẹ̀kúnnù, ṣé òun náà la ó tún máa pè ní mẹ̀kúnnù? “Ará ìlú” tó fún un. Ti “alákọ̀wé” ńkọ́? Lẹ́nu wa, ẹni tó lọ ilé ìwé tó sì ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ni alákọ̀wé, yálà ó kọ ìwé kan rí tàbí kò kọ. Charles Dickens, gbajúmọ̀ tó kọ ìtàn àròsọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń lẹ bébà mọ́ ìgò pólíìṣì bàtà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 12, òǹkọ̀wé ni, ó tán.

“Òǹkàwé” gan-an ni ìjà wà. Ẹni tó fojú ara rẹ̀ ka ìwé ni òǹkàwé lédè wa. Ẹ wá wo ilé Turner lálẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ka ibi ìsìnkú nínú ìtàn àròsọ kan tí Samuel Richardson kọ sí i létí, ọkùnrin náà sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe wọ òun lára tó. Lálẹ́ mìíràn, òun náà ni yóò máa ka ìwàásù Tillotson, bíṣọ́ọ̀bù àgbà kan, fún ọ̀rẹ́ tó bá yà wá. Ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún ṣáájú, ní Hackness ní Yorkshire, Margaret Hoby ti ń kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀ pé wọ́n ń kàwé fún òun bí òun ṣe ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan mìíràn. Ẹni tó mọ̀wé dáadáa ni o! Kì í ṣe àìmọ̀wé ló mú un máa fetí gbọ́ ọ. Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Lọ́ńdọ̀nù, náà dá àkọsílẹ̀ rẹ̀ dúró ní 1669 torí ó rò pé ojú òun ti fẹ́ fọ́, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì máa ń kàwé fún un. Ìwé tí Pepys fi sílẹ̀, tó wà ní Magdalene College ní Cambridge dòní, tó 3,000. (Àwọn ìwé pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú tí àwọn oníkiri ń tà láti abúlé dé abúlé wà nínú wọn. Mo rò pé “ìwé àkirità” yóò bá ìyẹn mu, bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ọ̀rọ̀ fún un.)

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti obìnrin kan tí John Forster, ọ̀rẹ́ Dickens, sọ ìtàn rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ló ń ṣe kiri, kò sì mọ̀wé. Òkè ilé ìtajà áṣáà ló ń gbé, òun àtàwọn ayálégbé mìíràn. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ lóṣooṣù, onílé wọn á ka apá tuntun nínú ìtàn Dickens tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sí gbogbo wọn létí. Ẹni tó bá dáwó tíì á mu tíì, ẹni tí kò dá á kò ní mu, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí wọ́n ń lé kúrò nídìí ìtàn. Nígbà tí obìnrin yìí gbọ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló kọ gbogbo rẹ̀, ẹnu yà á: ó ní òun rò pé ọkùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló pawọ́ pọ̀ kọ ọ́. Àríwísí gidi nìyẹn! Bí a bá kọ “òǹkàwé” sí àkọlé, a ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ obìnrin yìí síta nìyẹn.

Àbá tèmi ni “àkàgbọ́”, fún ìwé tí a kà sí èèyàn létí. Gbogbo wa la mọ “àkàyé” láti ilé ìwé, orí rẹ̀ ni mo gbé e lé. Àbúrò kan ti kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pé nínú “àkàyé”, ẹni tó kà á náà ló yé, ṣùgbọ́n nínú “àkàgbọ́”, ẹnì kan kà, ẹlòmíràn gbọ́. Òótọ́ ni. Ó ní “àkàsétí” yóò yanjú rẹ̀, torí a máa ń sọ pé “kà á sí mi létí”. N kò lòdì sí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dún sí mi bíi pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó yẹ ká ṣọ́ra fún ni “mọ̀ọ́nkọ-mọ̀ọ́nkà”. Ìkọ ló ṣáájú nínú rẹ̀, ó sì so méjèèjì pọ̀ bí ìbejì. Ní Brítéènì ayé àtijọ́, kíkà ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ná. Ìgbà tó bá mọ̀ ọ́n kà ni wọ́n tó ń fi kálàmù lé e lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà, pàápàá ọmọbìnrin, sì ti bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Láti 1754 tí òfin ìgbéyàwó tuntun ti mú kí tọkọtìyàwó máa fọwọ́ sí ìwé ní ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélsì, ẹni tí kò lè kọ orúkọ rẹ̀ ń fa àmì àgbélébùú. Àmì yìí làwọn onítàn ń kà láti mọ iye àwọn tí kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n obìnrin tó fa àmì lè máa ka Bíbélì rẹ̀ geerege nílé. Ẹ má pè é ní púrúǹtù. “Mọ̀ọ́nkà” ni, láìsí “mọ̀ọ́nkọ”.

Owó náà dá sí i. Owó orí ìwé ìròyìn jẹ́ pẹ́ńsì mẹ́rin lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan láti 1815 di 1836, wọn kò sì mú un kúrò pátápátá àfi ní 1855. Nítorí náà, ẹ̀dà kan ni èèyàn púpọ̀ ń pín kà nílé ọtí. Àwọn tó rí já jẹ ń yá ìwé lọ́wọ́ Mudie, tó ní ilé ìyáwèé, láti 1842, gínì kan (owó Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́) lọ́dún, ìdìpọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan.

Lórí bóyá “àṣà” tàbí “bárakú” ló yẹ ká fi sí àkọlé náà, mo wà lẹ́yìn “àṣà”. Nígbà tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn lédè Yorùbá, ní Abẹ́òkúta ní 1859, tó ń tà á ní 120 owó ẹyọ, ohun tó kọ ni pé òun fẹ́ kí ó mọ́ àwọn èèyàn lára láti máa wá ìmọ̀ nípa kíkàwé. Ohun tí wọ́n gbìn síni lára nìyẹn. Bárakú kì í dúró de ẹni tó máa gbìn ín.

Àkọlé tí mo dábàá rèé: “Àṣà ìwé kíkà àti àkàgbọ́ láàárín ará ìlú àtòǹkọ̀wé nínú ìtàn Brítéènì”. Ó kù ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, ìyẹn orúkọ tí a ó pe ẹni tó jókòó tó ń gbọ́. Mo gbìyànjú “agbọ́wé”, ìyàwó mi sì ní “agbówó” lòun gbọ́. Ta ló ní òmíràn?