Ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ fún ẹ̀wà àti ẹran: ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́ Abẹ́òkúta:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Àǹtí mi tó wà ní Peckham fi ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi, alúmíníọ̀mù, lítà 7, irú èyí tí wọ́n ń gbé ka orí gáàsì, tí irin kékeré orí rẹ̀ máa ń súfèé. Owó gáàsì ti kọjá ohun tí mo lè fi máa se ẹ̀wà fún wákàtí méjì, àwọn ọmọ mi sì fẹ́ràn ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí gidi. Ní ilé kan ládùúgbò wa, irú ìkòkò yìí ju ọmọrí rẹ̀ lu àjà, ẹ̀wà ta sára ògiri títí dé ẹnu ọ̀nà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò séèyàn nílé ìdáná lásìkò yẹn. Ọkọ mi ní kí n kúkú gbé e fún ẹlòmíràn. Ṣé ó ṣeé lò lójoojúmọ́ láìséwu? Bó bá sì ti ń pariwo, ṣé kí n sáré pa iná ni?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá:
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Má gbé e fún ẹnì kankan. Irú ẹ̀ ni mo fi ń se oúnjẹ nílé láti ìgbà tí àwọn ìbejì mi ti wà ní jẹ́léósinmi, wọ́n ti di ìyàwó ilé báyìí, àwọn náà ń lò ó.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó o bi kẹ́yìn, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀. Ariwo kọ́ ni ewu. Bí irin orí rẹ̀ bá ń mì, tó ń ṣe ṣìì-ṣìì, ooru tó pọ̀ jù ló ń gba ibi tó yẹ jáde. Ìgbà tó yẹ kí àyà rẹ já ni ìgbà tí iná bá ń jó dáadáa lábẹ́ rẹ̀ tí ìkòkò sì ṣàdédé dákẹ́. Ó lè jẹ́ omi ló gbẹ, ó lè jẹ́ nǹkan ló dí ihò. Èyí ó wù kó jẹ́, pa iná, kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, má sì fọwọ́ kàn án títí á fi tutù fúnra rẹ̀.

Kí ló ń dí ihò? Ẹ̀wà ni, lọ́pọ̀ ìgbà. O mọ bí ẹ̀wà ṣe ń hó, tí ìfófó rẹ̀ á gba ojú ìkòkò, tí èèpo á máa léfòó. Nínú ìkòkò lásán, á kàn hó dànù sórí sítóòfù ni. Nínú èyí, kò ríbi gbà àfi ihò tóóró yẹn, èèpo ẹ̀wà ẹyọ kan sì tó láti dí i. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà, ìrẹsì, gbogbo ohun tó ń wú, kò fi gbọdọ̀ kọjá ìdajì ìkòkò tòun ti omi rẹ̀. Ẹran àti ọbẹ̀ lè dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Lítà 7 tìrẹ yẹn, ààbọ̀ kóńgò ẹ̀wà ti tó o. Èmi a máa kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ láìdé e, kí n bu ìfófó dànù, kí n da omi àkọ́kọ́ nù, kí n tó bu omi tuntun sí i pẹ̀lú ṣíbí òróró kan. Òróró yẹn kì í jẹ́ kó hó púpọ̀.

Kí n tó dé e, mo máa ń gbé ọmọrí kọjú sí fèrèsé, kí n fi ojú kan yọjú wo ihò rẹ̀. Bí mi ò bá rí ìmọ́lẹ̀ lódì kejì, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni mo fi ń tì í títí ọ̀nà á fi là. Mi ò fo èyí rí, ẹ̀yin náà ẹ má fò ó.

Rọ́bà inú ọmọrí, yọ ọ́ fọ̀ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó o bá lò ó. Bó bá ti le, tó ń sán, tàbí tí ooru ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọrí, pààrọ̀ rẹ̀. Gbé ọmọrí gan-an lọ sọ́jà kó o fi wọ̀n ọ́n. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé túùbù ọ̀kadà fún ọ.

Ṣíṣí rẹ̀ ló kù. Ebi á máa pa ọmọ, ìyá á wá fi ọ̀bẹ há irin, á fi ọmọ odó gbá ọwọ́ ìkòkò kó lè yí. Háà! Ìkòkò tó kọ̀ tí kò ṣí, ooru ṣì wà nínú ẹ̀ ni. Pa iná, lọ din dòdò. Tó o bá padà dé, fi ṣíbí gígùn gbé irin orí rẹ̀ díẹ̀. Bó bá ṣì ń ṣe ṣìì, fi í sílẹ̀. Ìgbà tí kò bá dún mọ́, ọmọrí á yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Kó o gbé e dání ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ooru kọjú síbòmíràn, kó má bá ojú rẹ.

Tíṣà Ìlọrin:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, ẹ ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Mo kàn fẹ́ fi ti iná kún un. Nínú ìkòkò lásán, omi kì í gbóná ju 100°C lọ, bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Nínú ìkòkò pírẹ́ṣọ̀, ooru tí wọ́n há mọ́nú ń tẹ omi, ó sì lè gbóná dé nǹkan bí 121°C. Ohun tó ń jẹ́ kí sàkí tètè rọ̀ nìyẹn. Torí náà, bó bá ti súfèé, din iná kù gan-an, kó kàn máa dún wẹ́rẹ́. Iná ńlá kò lè mú un yá mọ́, omi ló máa gbẹ, owó gáàsì ló sì máa jó. Denis Papin, ará Faransé tó ṣe irú ìkòkò yìí àkọ́kọ́ ní 1679, fi ohun tí yóò máa tú ooru sílẹ̀ sí i lára. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ gbé òkúta tàbí ohunkóhun lé irin yẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣé gan-an, Mà. Ẹ ṣé, Tíṣà. Ìṣẹ́jú mélòó ni mo máa fún ẹ̀wà olóyin àti ẹran? Ṣé mo lè fi kán-ún sí i? Àti pé ọkọ mi ní òun ti rí ibi tí wọ́n ti ń da omi tútù lé e kó lè tètè ṣí.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá:
Láti ìgbà tó bá ti súfèé ni kó o ti máa ka ìṣẹ́jú. Ẹ̀wà tó o kò rẹ, bíi 15 sí 20. Ẹran màlúù, bíi 25. Àgbà adìẹ, 30 ó lé. Ẹsẹ̀ màlúù lè tó 45. Má fi kán-ún sí i, kò nílò rẹ̀, kán-ún sì máa ń jẹ alúmíníọ̀mù. Omi tútù ṣeé dà sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò oní-gáàsì, kì í ṣe lórí ihò, ṣùgbọ́n fún ẹ̀wà, jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Birmingham:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ oníná mànàmáná bíi tèmi, ẹ má da omi kankan sí i lára o! Kí ẹ sì má tẹ bọ́tìnì tó ń tú ooru bí ẹ̀wà bá wà nínú ẹ̀, ìfófó gbígbóná ló máa tú jáde. Bí ooru bá jó yín lára, omi ẹ̀rọ tó tutù ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa ṣàn sí i fún 20 ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Bó bá bó tàbí tó bá kan ojú, ilé ìwòsàn ni.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá:
Àbẹ̀kẹ́, omi lásán ni kó o kọ́kọ́ fi dán an wò lọ́la, ife mẹ́ta. Kó o ya fọ́tò rọ́bà ẹ̀ síbí kí n rí i.