Báwo lẹ ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń pe èèyàn jọ ká lè sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oúnjẹ GMO (ìyẹn oúnjẹ tí wọ́n fi sáyẹ́ǹsì yí àbùdá rẹ̀ pa dà), àmọ́ tá a bá ti ń to ẹ̀rí sílẹ̀ báyìí ṣe ni wọ́n máa ń gbaná jẹ, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, ta ló fẹ́ kí wọ́n máa ṣe tíṣà lé òun lórí? Ní Denmark, lọ́dún 1987, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ará ìlú lásán jọ, àwọn ló máa ń bi àwọn onímọ̀ ní ìbéèrè kí wọ́n tó kọ èrò tiwọn sílẹ̀, ìyẹn wù mí gan-an. Ṣé ẹnì kan ti lo eré orí ìtàgé tàbí géèmù rí? Báwo lẹ ṣe ṣe é tí ò fi dìjà?