Ọ̀gá ní kí n sáìnì fáúṣà tréníìnì tí ẹnì kankan ò lọ

Sálámù aláékù ẹ̀yin èèyàn mi, ádímìn ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ni mo wà n'Ílọrin níbí, ẹ̀ka àkáǹtì. Wọ́n máa ń gbé fáúṣà tréníìnì, ìwé tí wọ́n fi ń gbowó jáde, wá bá mi pé èèyàn báyìí lọ sí Àbújá, wọ́n sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n gbowó oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn yẹn ojoojúmọ́ la jọ ń jẹ mọ́ínmọ́ín lẹ́yìn ọ́fíìsì. Mo bi ọ̀gá, ó ní ṣé èmi ni ọ́dítọ̀ ni, kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ń wá ẹni tí àwọn máa tíráńsífáà lọ Kaiama tó jìnnà réré. Mo ṣì ń fọ́mọ lọ́mú o. Ọkọ mi ní kí n sáìnì. Ṣé òótọ́ ni pé òfin ń dáàbò bo ẹni tó bá tú àṣírí, mo tiẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ń fún wọn lówó?

Ìyá Ìbejì, Gaa Akanbi: Ọmọ mi, sáìnì jàre. Tí wọ́n bá lé ẹ, àwa tá a wà níbí kọ́ la máa bá ẹ ra mílíìkì.

Ọmọ Ọ̀fà: Ha, Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Tí EFCC, àwọn tó ń gbógun ti jìbìtì owó, bá dé, ẹni tó sáìnì ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú, ọ̀gá á ní òun ò mọ nǹkan kan.

Lọ́yà Táńkẹ̀: Aǹtí, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Owó tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, ètò ìjọba àpapọ̀ ni, oṣù kejìlá 2016 ni wọ́n gbé e jáde, ìdá 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá gbà padà ni. Ètò ni, kì í ṣe òfin, owó ìpínlẹ̀ sì ni tiyín, ẹ má fọkàn sí i. Ntia Thompson tó tú àṣírí ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè l'Ábújá, ńṣe ni wọ́n lé e, ariwo pọ̀ kí wọ́n tó dá a padà ní 2017. Èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni òfin ICPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ti 2000, abala 64, wọn ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹni tó fún wọn ní ìròyìn, títí kan ilé ẹjọ́. Tún wo abala 27 òfin FOI ti 2011, ìyẹn òfin òmìnira láti rí ìròyìn gbà lọ́wọ́ ìjọba, òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fi òdodo tú jìbìtì síta, wọn ò lè pè é lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ní 2025 pé òfin yẹn de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ o, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ fún ICPC, ẹ̀wọ̀n ni, nítorí náà ohun tójú yín rí nìkan ni kẹ́ ẹ sọ.

Bàbá Òmù-Àrán: Mo ti fẹ̀yìn tì ní lókà gọ́fúnmẹ́ǹtì, mo mọ ìwà wọn. Má bá ọ̀gá ẹ jà. Kọ mẹ́mò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé o ò tíì rí rìsíìtì àti lẹ́tà ìpè sí tréníìnì, kó o tó lè sáìnì. Gba kọ́pì tí wọ́n ti sítáǹpù, gbé e lọ sílé. Tí tíráńsífáà bá wá dé lẹ́yìn ẹ̀, déètì méjèèjì á wà níbẹ̀ fún ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ láti rí. Má fi ránṣẹ́ sí ẹnì kankan lórí WhatsApp, àní ọ̀rẹ́ ẹ nínú ọ́fíìsì.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mẹ́mò yẹn ni mo máa kọ́kọ́ kọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè in ṣaa Allah. Lọ́yà, ICPC n'Ílọrin yìí, ṣé ẹni tó mọ̀ mí ò ní rí mi tí mo bá ń wọlé?

Lọ́yà Táńkẹ̀: Kò pọn dandan kẹ́ ẹ lọ, ẹ lè kọ̀wé tàbí kẹ́ ẹ pè. Ṣùgbọ́n ẹ má fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tẹ̀ ẹ́ o.